Wíwọn Ilẹ̀kùn Ilé àti Ìwọ̀n Ojú Rẹ̀: Ọ̀rọ̀ Ìṣirò Nínú Èdè Yorùbá

1.0 Ìfáàrà

Bí olùkọ́ ìṣirò bá fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ wọn nǹkan kan nínú ilé, ilẹ̀kùn ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Kò sí ilé tí kò ní in. Ó ní igun mẹ́rin. Ojú rẹ̀ tẹ́jú. Ọwọ́ àgbàlagbà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó òkè rẹ̀. Lójú ẹni tí kò bá ronú jinlẹ̀, kò sí iṣẹ́ tí ó rọrùn ju èyí lọ. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ náà bá gbé iṣẹ́ yìí kalẹ̀ ní èdè Yorùbá, ìbéèrè mẹ́ta ni yóò dìde kí akẹ́kọ̀ọ́ tó fa téèpù yọ. Èkíní, kí ni wọ́n ń pè ní ilẹ̀kùn gan-an? Èkejì, èwo ni gígùn rẹ̀, èwo ni gíga rẹ̀, èwo sì ni ìbú rẹ̀? Ẹ̀kẹta, bí wọ́n bá fi ọ̀kan nínú àwọn ìwọ̀n wọ̀nyí sọ èkejì di púpọ̀, kí ni orúkọ ohun tí wọ́n rí, báwo ni wọ́n sì ṣe ń pe òǹkà rẹ̀ tí kò fi ní í rú ẹni tí ó gbọ́ lójú?

Ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́ta wọ̀nyí ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí. Ohun tí ó ń gbìyànjú láti fi hàn ni pé ọ̀pọ̀ nínú àṣìṣe tí wọ́n ń kà sí àìmọ̀ ìṣirò kì í ṣe àṣìṣe òǹkà. Àṣìṣe orúkọ ni. Ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe ti iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ nìkan. Káfíńtà, bíríkìlà, akunlé àti onílé ló ń san owó àṣìṣe bẹ́ẹ̀.

Ìdí mìíràn tí ó fi yẹ kí wọ́n wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa ni pé fífi èdè Yorùbá kọ́ ìṣirò kì í ṣe àlá lásán. Ní ọdún 1970 ni Yunifásítì Ifẹ̀ (tí orúkọ rẹ̀ di Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987) bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àkànṣe ọlọ́dún mẹ́fà nínú èyí tí wọ́n ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́ wọn, ìṣirò pẹ̀lú, àyàfi èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ́ wọn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọ̀tọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa ló ṣe aṣáájú iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ọmọ ní ìṣirò lọ́nà bẹ́ẹ̀ kò lè yẹra fún ọ̀rọ̀ ìwọ̀n, nítorí òun ni ìṣirò fi ń kúrò lórí pátákó ìkọ̀wé bọ́ sí inú ilé.

2.0 Ilẹ̀kùn àti Ẹnu-ọ̀nà

Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ohun méjì ni ọ̀rọ̀ náà ‘ilẹ̀kùn’ lè dúró fún. Bí wọ́n bá ní kí ènìyàn ‘ṣí ilẹ̀kùn’, ‘ti ilẹ̀kùn’ tàbí ‘kan ilẹ̀kùn’, pátákó tí ó ń yí lórí hínjì ni wọ́n ń tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní àga kan ‘kò gba ilẹ̀kùn wọlé’, àlàfo tí ènìyàn ń gbà kọjá ni wọ́n ní lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ ìṣe tí ó bá ọ̀rọ̀ náà rìn ló ń fi ìyàtọ̀ hàn. Nínú ìṣirò, tí ó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ orúkọ nìkan ni wọ́n sábà máa ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ òǹkà, ìyàtọ̀ yìí a máa sọnù.

Bí ó bá kan wíwọn, ohun mẹ́ta ló yẹ kí wọ́n yà sọ́tọ̀. Àkọ́kọ́ ni àyè tí bíríkìlà fi sílẹ̀ lára ògiri. Èkejì ni pátákó ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni àlàfo tí ènìyàn ń gbà kọjá nígbà tí wọ́n bá ti gbé férémù sí i. Àyè ara ògiri ló tóbi jù, nítorí òpó méjèèjì férémù àti àtẹ́rígbà rẹ̀ yóò jókòó sínú rẹ̀. Àlàfo ìkọjá ló sì kéré jù, nítorí káfíńtà a máa gbẹ́ etí férémù wọnú díẹ̀ kí pátákó lè rí ibi jókòó sí. Bí àpẹẹrẹ, bí ìbú pátákó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 90, tí ó sì jókòó sínú etí férémù ní sẹ̀ǹtímítà 1.2 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, àlàfo ìkọjá kò lè ju sẹ̀ǹtímítà 87.6 lọ. Bí òpó férémù kọ̀ọ̀kan bá sì nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 5, àyè ara ògiri gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà 98. Òǹkà mẹ́ta nìyí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń fi pe gbogbo wọn.

Èdè Yorùbá kò ṣàìní ohun tí a lè fi yà wọ́n. Nínú Bíbélì Mímọ́ tí odidi rẹ̀ jáde ní 1884, ‘ẹnu-ọ̀nà’ àti ‘ilẹ̀kùn’ kì í ṣe ọ̀kan náà. Ní Ìsíkíẹ́lì orí 41, wọ́n wọn ìbú ẹnu-ọ̀nà tẹ́ńpìlì, ó sì jẹ́ ìgbọ̀nwọ́ 10; wọ́n wá wọn ògiri tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ìgbọ̀nwọ́ 5 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yìn èyí ni ọ̀rọ̀ tó wá kan àwọn ilẹ̀kùn tí ń yí. Ẹni tí ó bá tẹ̀ lé irú ìlànà yìí yóò pe àyè tí ènìyàn ń gbà ní ẹnu-ọ̀nà, yóò sì fi ilẹ̀kùn mọ sórí pátákó nìkan.

Ilẹ̀kùn àtijọ́ tún fi kún ìdí tí ìyàtọ̀ yìí fi ṣe pàtàkì. Irú àwọn ilẹ̀kùn àfin tí àwọn ọ̀nà-gbẹ́nà bí Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀ gbẹ́ kì í lo hínjì. Wọn a máa fi igi kékeré sílẹ̀ kí ó yọ lókè àti nísàlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan pátákó náà, orí igi yìí a sì máa yí nínú ihò tí wọ́n dá fún un. Iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ láti àfin Ìkẹ́rẹ́ wà lára ohun tí wọ́n pàtẹ ní Wembley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1924, ó sì ti wà ní ilé ọnà British Museum láti ìgbà náà. Bí ènìyàn bá wọn irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ láti ṣóńṣó òkè dé ṣóńṣó ìsàlẹ̀, gígùn igi ló wọ̀n, kì í ṣe gíga ojú tí ọnà wà.

3.0 Gígùn, Gíga, Ìbú àti Fífẹ̀

Igi tí ó dúró nínú igbó ‘ga’. Bí wọ́n bá gé e lulẹ̀, ó ‘gùn’. Ohun kan náà ni téèpù yóò sọ nípa rẹ̀ ní ìgbà méjèèjì, ṣùgbọ́n èdè ti yí orúkọ rẹ̀ padà. Bákan náà ni ilẹ̀kùn. Nígbà tí ó bá wà lórí tábìlì káfíńtà, ó gùn. Nígbà tí wọ́n bá gbé e kọ́, ó ga. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ gígùn àti akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ gíga lè ti wọn ẹ̀gbẹ́ kan náà, kí olùkọ́ sì fi àmì àṣìṣe sí iṣẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ ‘òòró’ àti ‘ìbú’ náà ń tọ́ka sí ipò ju iye lọ. Wọ́n a máa gbé nǹkan dúró lóòró, wọ́n a sì máa fi í dábùú ọ̀nà. Nípa bẹ́ẹ̀, ohun tí ó jẹ́ òòró nígbà tí pátákó dúró lè di ìbú nígbà tí ó bá sùn. Ní ti ‘fífẹ̀’, ọ̀nà a máa fẹ̀, yàrá náà a sì máa fẹ̀. Ti ọ̀nà jẹ́ ìwọ̀n láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Ti yàrá jẹ́ gbogbo àyè ilẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan kò lè jẹ́ orúkọ ẹ̀gbẹ́ kí ó tún jẹ́ orúkọ gbogbo ojú nínú ìṣirò kan náà.

Àwọn kan lè sọ pé kí wọ́n máa pe ẹ̀gbẹ́ tí ó pọ̀ jù ní gígùn, kí ẹ̀gbẹ́ tí ó kéré sì jẹ́ ìbú. Àbá yìí yóò ṣiṣẹ́ fún ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n yóò kùnà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an, lára fèrèsé, níbi tí ìbú ti sábà máa ń ju gíga lọ. Ohun tí ó yanjú jù ni kí wọ́n sọ ilẹ̀kùn àti fèrèsé lórúkọ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń dúró lára ògiri, ibi yòówù kí wọ́n ti wọ̀n wọ́n. Èyí tí ó ti ilẹ̀ lọ sókè ni gíga. Èyí tí ó lọ láti òpó kan sí òpó kejì ni ìbú. Èyí tí ó ti inú lọ síta ni nínípọn. Ní ọ̀nà yìí, bí káfíńtà tilẹ̀ tẹ́ ilẹ̀kùn sílẹ̀, gíga rẹ̀ kò yí padà.

4.0 Òṣùwọ̀n: Láti Orí Ìgbọ̀nwọ́ Dé Orí Mítà

Ara ènìyàn ni òṣùwọ̀n àkọ́kọ́: ìka, àtẹ́lẹwọ́, ìgbọ̀nwọ́, ẹsẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ ni pé kò sí ẹni tí ó ń gbàgbé rẹ̀ sílé. Àléébù rẹ̀ ni pé ìgbọ̀nwọ́ baba kò dọ́gba pẹ̀lú ti ọmọ. Níwọ̀n ìgbà tí ẹni tí ó wọn ẹnu-ọ̀nà bá jẹ́ ẹni tí yóò gbẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀, kò sí ewu. Yorùbá ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Eku kò sì wá òṣùwọ̀n lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ di ti ènìyàn méjì tí wọn kò rí ara wọn. Ibẹ̀ ni ‘ẹsẹ̀ bàtà’ ti wúlò, nítorí orúkọ yìí ya òṣùwọ̀n tí kì í yí padà sọ́tọ̀ kúrò lára ẹsẹ̀ tí ènìyàn fi ń rìn.

Nàìjíríà yí owó rẹ̀ padà sí náírà àti kọ́bọ̀ ní 1973, òfin òṣùwọ̀n tí ó jáde ní 1974 sì gbé mítà àti kìlógíráàmù ka iwájú. Síbẹ̀ ojú téèpù ṣì ń ru òṣùwọ̀n méjèèjì lọ́jà, èyí sì ń mú kí àwọn ènìyàn rò pé ìwọ̀n méjì tí ó sún mọ́ ara wọn dọ́gba. Ilẹ̀kùn tí gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 7, tí ìbú rẹ̀ sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3, àti èyí tí ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 210 sí 90 ni àpẹẹrẹ tí ó hàn jù. Níwọ̀n bí ẹsẹ̀ bàtà kan ti jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30.48, ti àkọ́kọ́ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 213.36 sí 91.44. Ó fi sẹ̀ǹtímítà 3.36 ga ju èkejì lọ, ó sì fi 1.44 ní ìbú jù ú lọ. Bí wọ́n bá ra férémù ní mítà, tí wọ́n ra ilẹ̀kùn ní ẹsẹ̀ bàtà, ilẹ̀kùn náà kò ní í wọlé àfi kí wọ́n rẹ́ ẹ. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀kùn tí inú rẹ̀ ṣófo, tí igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo yí etí rẹ̀ ká, rírẹ́ ẹ lè tú u ká.

Àṣìṣe kan tún wà tí ó jẹ mọ́ íńṣì. Ìwọ̀n kan tí ó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íńṣì 6 ní gíga, pẹ̀lú ẹsẹ̀ bàtà 2 àti íńṣì 6 ní ìbú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ èyí sílẹ̀ bí 6.6 àti 2.6 yóò rí 17.16 nígbà tí ó bá sọ wọ́n di púpọ̀. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé íńṣì 6 jẹ́ ìdajì ẹsẹ̀ bàtà, nítorí náà 6.5 lọ́nà 2.5 ni, ìdáhùn rẹ̀ sì jẹ́ 16.25. Ó yẹ kí wọ́n kíyè sí i pé ẹni tí ó bá sọ ìwọ̀n yìí ní èdè Yorùbá bí ó ti yẹ, ‘ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ààbọ̀’ àti ‘ẹsẹ̀ bàtà méjì ààbọ̀’, kò lè ṣe àṣìṣe náà rárá. Kíkọ òǹkà sílẹ̀ ló bí i. Ọ̀rọ̀ ẹnu ti dènà rẹ̀.

5.0 Ìwọ̀n Ojú

5.1 Orúkọ rẹ̀

Nígbà tí wọ́n bá fi gíga sọ ìbú di púpọ̀, ohun tí wọ́n rí kì í ṣe gíga mọ́, kì í sì í ṣe ìbú. Ó yẹ kí ó ní orúkọ tirẹ̀. ‘Àyè’ kò bá a mu tó, nítorí inú àpótí náà jẹ́ àyè. ‘Ìtóbi’ gbòòrò jù, ó lè kan ìwúwo pàápàá. ‘Fífẹ̀’ ti ní iṣẹ́ méjì, gẹ́gẹ́ bí ó ti hàn ní ìpín 3.0. Ọ̀rọ̀ tí ó sún mọ́ ọn jù ni ‘ojú’, bí ó ti wà nínú ojú omi, ojú pátákó àti ojú ilẹ̀: ibi tí ó tẹ́ síta tí ọwọ́ lè pa. Nítorí náà ‘ìwọ̀n ojú’ jẹ́ orúkọ tí ó ń ṣàlàyé ara rẹ̀.

Orúkọ yìí tún ń rán akẹ́kọ̀ọ́ létí ohun tí ó máa ń gbàgbé, pé ojú méjì ni ilẹ̀kùn ní: ojú inú àti ojú ìta. Ilẹ̀kùn tí ó jẹ́ mítà 2.1 sí 0.9 ní ìwọ̀n 1.89 ní ojú kan. Akunlé tí ó fẹ́ kùn ún tinú tòde yóò ka 3.78. Bí ilẹ̀kùn náà bá nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 4, etí rẹ̀ yíká jẹ́ mítà 6 lọ́nà 0.04, èyí tí í ṣe 0.24. Gbogbo rẹ̀ di 4.02. Bí ó bá sì fẹ́ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, 8.04 ni ọ̀dà rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó fún. Ẹni tí ó ra ọ̀dà fún 1.89 kò mọ ìṣirò kù. Iye ojú tí ó fẹ́ kùn ni kò béèrè.

5.2 Òǹkà rẹ̀

Ìwé ìròyìn àti ìwé ẹ̀kọ́ a máa lo ‘níbùú lóòró’ fún òǹkà ìwọ̀n ojú, pàápàá fún ilẹ̀. Gbólóhùn yìí dùn létí, ṣùgbọ́n ó ní ojú méjì. Bí wọ́n bá ní ògiri kan jẹ́ ‘mítà 3 níbùú lóòró’, ẹnì kan lè gbọ́ ọ pé gbogbo ojú rẹ̀ jẹ́ 3. Ẹlòmíràn lè gbọ́ ọ pé ìbú rẹ̀ jẹ́ 3, òòró rẹ̀ náà sì jẹ́ 3, èyí tí yóò mú ìwọ̀n ojú rẹ̀ di 9. Àwọn méjèèjì gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta owó. Bí òǹkà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ìyàtọ̀ náà ń gbòòrò: ní 10, ó di 10 àti 100.

Àbá tí ó lè yanjú rẹ̀ ni kí wọ́n fi ‘ojú’ ṣíwájú òṣùwọ̀n: ojú-mítà 1 ni ojú tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 1, tí ìbú rẹ̀ sì jẹ́ mítà 1. Ilẹ̀kùn òkè yìí yóò jẹ́ ojú-mítà 1.89. Fún ẹsẹ̀ bàtà, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ‘ojú-ẹsẹ̀-bàtà’ lódindi. Bí wọ́n bá gé e kúrú sí ‘ojú-ẹsẹ̀’, yóò forí gbárí pẹ̀lú ‘lójú-ẹsẹ̀’, tí ó túmọ̀ sí kíákíá. Kí wọ́n wá fi ‘níbùú’ àti ‘lóòró’ sílẹ̀ fún ẹ̀gbẹ́, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní òǹkà tirẹ̀: mítà 3 níbùú, mítà 3 lóòró.

Àǹfààní kejì àbá yìí ni pé ó mú kí ìyípadà òṣùwọ̀n hàn kedere. Mítà 1 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 100, ṣùgbọ́n ojú-mítà 1 jẹ́ ojú-sẹ̀ǹtímítà 10,000, nítorí 100 wà níbùú, 100 sì wà lóòró. Bákan náà, ẹsẹ̀ bàtà 1 jẹ́ íńṣì 12, ṣùgbọ́n ojú-ẹsẹ̀-bàtà 1 jẹ́ ojú-íńṣì 144. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wọn ilẹ̀kùn, tí ó rí 18,900, tí ó sì fi 100 pín in, yóò kọ 189 sílẹ̀. Ojú-mítà 189 tó ilẹ̀ odidi ilé tí ó ní yàrá púpọ̀. Bí orúkọ bá ti ń fi ohun tí wọ́n ń kà hàn, akẹ́kọ̀ọ́ náà yóò rí i fúnra rẹ̀ pé kò sí ilẹ̀kùn tí ó tó bẹ́ẹ̀.

6.0 Ibi Tí Ìwọ̀n Ojú Kò Tó

6.1 Pátákó pláíwúùdù

Pláíwúùdù kan sábà máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 4, ìwọ̀n ojú rẹ̀ sì jẹ́ ojú-ẹsẹ̀-bàtà 32. Ojú kan ilẹ̀kùn ẹsẹ̀ bàtà 7 sí 3 jẹ́ 21. Bí wọ́n bá béèrè pé ojú mélòó ni pláíwúùdù méjì lè bò, ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé ìwọ̀n ojú nìkan yóò ní 64 wà nílẹ̀, ojú mẹ́ta sì jẹ́ 63, nítorí náà ó tó. Káfíńtà mọ̀ pé kò tó. Láti ara pláíwúùdù kan, ojú kan ṣoṣo ni ó lè gé jáde. Èyí tí ó kù jẹ́ ojú-ẹsẹ̀-bàtà 11 lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìbú rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà 1 lọ níbikíbi. Méjì ni pláíwúùdù méjì yóò bò, kò sí ọgbọ́n tí ó lè mú un di mẹ́ta láìsí ìsopọ̀.

Fún ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 7 sí 2, pláíwúùdù kan lè mú ojú méjì jáde, nítorí 2 àti 2 jẹ́ 4. Síbẹ̀, ayùn a máa jẹ igi níbi tí ó bá gbà kọjá. Nítorí náà ìbú ojú méjèèjì kò ní í pé ẹsẹ̀ bàtà 2 gẹ́lẹ́. Nínú ìwé ìṣirò, ìlà kò ní nínípọn. Lọ́wọ́ káfíńtà, ó ní.

6.2 Igun tí kò ṣe déédéé

Ìwọ̀n ẹ̀gbẹ́ méjì kò tó láti mọ̀ bóyá férémù ṣe déédéé. Bí àpẹẹrẹ, bí férémù sẹ̀ǹtímítà 210 sí 90 bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan tó bẹ́ẹ̀ tí òkè rẹ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 10 yẹ̀ kúrò lórí ìsàlẹ̀ rẹ̀, òpó rẹ̀ ṣì jẹ́ 210, àtẹ́rígbà rẹ̀ ṣì jẹ́ 90. Ìwọ̀n ojú rẹ̀ dín, ṣùgbọ́n kò dín ju nǹkan bí ojú-sẹ̀ǹtímítà 21 lọ nínú 18,900. Téèpù tí wọ́n fà láti igun dé igun nìkan ni yóò tú àṣírí náà. Nínú férémù tí ó ṣe déédéé, ìlà méjèèjì tí ó lọ láti igun dé igun dọ́gba, nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 228.5 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú èyí tí ó wọ́, ọ̀kan di 232.4, èkejì di 224.5. Ìlànà Pythagoras yìí kan náà ni bíríkìlà ń lò nígbà tí ó bá wọn ẹsẹ̀ bàtà 3 ní ẹ̀gbẹ́ kan, 4 ní ẹ̀gbẹ́ kejì, tí ó sì ń wò ó bóyá 5 ló wà láàárín wọn.

Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí wọ́n wọn ìbú ẹnu-ọ̀nà ní òkè, ní àárín àti nísàlẹ̀, kí wọ́n wọn gíga rẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì, kí wọ́n sì mú èyí tí ó kéré jù nínú wọn. Pátákó tí ó bá fi díẹ̀ kéré ṣeé lò. Èyí tí ó tóbi jù kò lè wọlé.

6.3 Ìgbà òjò àti ìgbà ọyẹ́

Igi kì í dúró sójú kan. Omi inú afẹ́fẹ́ a máa mú un wú, ọ̀gbẹlẹ̀ a sì máa mú un sún kì. Wíwú yìí hàn ní ìdábùú ìlà ara igi ju gígùn rẹ̀ lọ. Nítorí náà, ìbú ilẹ̀kùn onípátákó ló ń yí padà, gíga rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí. Ilẹ̀kùn tí wọ́n wọ̀n nígbà ọyẹ́ tí wọ́n sì gbẹ́ há férémù yóò kọ̀ láti tì nígbà òjò. Káfíńtà tí ó fi àlàfo mìlímítà díẹ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kò ṣe àṣìṣe ìwọ̀n. Ó fi ìgbà kún ìṣirò rẹ̀ ni.

7.0 Ìkádìí

Ohun tí àlàyé yìí ti fi hàn ni pé ilẹ̀kùn kì í ṣe iṣẹ́ tí ó rọrùn bí ó ti jọ, àti pé ibi tí ó ti le kì í ṣe ibi ìsọdipúpọ̀. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìyàtọ̀ ilẹ̀kùn àti ẹnu-ọ̀nà. Kí ó tẹ̀ síwájú sí gíga, ìbú àti nínípọn tí kò yí padà bí pátákó bá sùn tàbí bí ó bá dúró. Kí ó wá dé orí ìwọ̀n ojú, pẹ̀lú òǹkà tí ènìyàn méjì kò ní í gbọ́ lọ́nà méjì. Lẹ́yìn èyí ni akẹ́kọ̀ọ́ tó lè mọ ibi tí ìwọ̀n ojú ti wúlò, bí ọ̀dà kíkùn, àti ibi tí kò ti tó, bí pláíwúùdù gígé.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n dábàá níhìn-ín, ‘ìwọ̀n ojú’ àti ‘ojú-mítà’, kò ní í di ọ̀rọ̀ nítorí pé wọ́n wà nínú àpilẹ̀kọ. Iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ àti ṣọ́ọ̀bù káfíńtà ni wọn yóò ti mọ̀ bóyá wọ́n ṣiṣẹ́. Ìdánwò wọn kò sì le: kí olùkọ́ sọ ìwọ̀n ilẹ̀kùn kan fún akẹ́kọ̀ọ́ kan pẹ̀lú wọn, kí akẹ́kọ̀ọ́ náà lọ sọ ọ́ fún káfíńtà, kí ilẹ̀kùn tí káfíńtà bá gbẹ́ sì bá ẹnu-ọ̀nà mu.